Bí ẹ ṣe lè bá àlejò gba ITIN, nọ́ńbà owó orí Amẹ́ríkà, láìjẹ́ kí wọ́n dá ìwé yín padà

Lóṣù kejì ọdún, tí ìwé W-2, tó ń sọ iye owó iṣẹ́ ọdún tó kọjá, bá ti dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú níbí ní Houston. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi ò ní nọ́ńbà sóṣà. Wọ́n ní kí n lọ gba ITIN fún un. Báwo la ṣe ń ṣe é?" Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń bá àwọn ará wa kọ Form W-7, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè ITIN. Àkọ́kọ́ tí mo kọ, wọ́n dá a padà, ẹ̀bi tèmi sì ni. Màá sọ bó ṣe jẹ́ tá a bá débẹ̀.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ẹni tó máa ṣí àpò lẹ́tà yín ní Austin, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé ITIN, kò mọ̀ yín rí. Kò mọ̀ pé Kẹ́mi àti Olúwakẹ́mi, ẹnìkan náà ni. Kò mọ̀ pé Adéwálé lè jẹ́ orúkọ ìdílé. Ohun tó wà lórí ìwé ló rí, òun náà ló máa fi dájọ́. Kí ẹ tó fi ìwé kankan ránṣẹ́, ẹ fi ojú ẹni yẹn wò ó.

Kí ni nọ́ńbà yìí gan-an?

ITIN jẹ́ nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́sàn-án tó máa ń fi 9 bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 1996 ni IRS, ilé iṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ti ń fún àwọn èèyàn. Ẹni tí òfin ní kó kọ ìwé owó orí, tàbí tí orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn nínú ìwé owó orí ẹlòmíràn, àmọ́ tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí nọ́ńbà Social Security, èyí tí gbogbo wa ń pè ní sóṣà, òun ni wọ́n ṣe é fún. Kì í ṣe ìwé àṣẹ iṣẹ́. Kì í yí físà ẹnikẹ́ni padà, kò sì lè múni gba owó ìfẹ̀yìntì ìjọba. IRS kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Bí ẹnìkan bá fẹ́ gbowó lọ́wọ́ yín fún wàhálà tó ṣe, ìyẹn jẹ́ owó iṣẹ́ tirẹ̀, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní owó IRS lòun ń gbà, tàbí tó ní ITIN á jẹ́ kí èèyàn ríṣẹ́ ṣe, ẹ bi ara yín léèrè ohun mìíràn tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ á tún purọ́ nípa rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe

Ibí ni mo ti máa ń pẹ́ jù, torí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá kò nílò ITIN rárá, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ nọ́ńbà mìíràn ló yẹ wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ìyàwó tó wà nílé. Ọkọ wà ní Houston, ó ní green card, ìyàwó wà ní Ìbàdàn, kò tíì dé Amẹ́ríkà rí. Ọkọ fẹ́ kọ ìwé owó orí pa pọ̀ mọ́ ìyàwó nítorí pé owó orí á fúyẹ́ sí i. Òfin gbà á láyè, ìyàwó sì lè gba ITIN fún un. Àmọ́ àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ ìwé kan, kí wọ́n fọwọ́ sí i, pé àwọn gbà kí IRS máa wo ìyàwó bí ẹni tó ń gbé Amẹ́ríkà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé èyí fún wọn dáadáa. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé gbogbo owó tó ń wọlé fún ìyàwó, títí kan èrè ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Bódìjà, gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé owó orí Amẹ́ríkà. Mo ti rí ìdílé tí ọ̀rọ̀ yìí já jìnnìjìnnì sí lára nígbà tó ti pẹ́ jù. Bí wọn ò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ọkọ kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó níyàwó, kó sì kọ NRA síbi tó yẹ kí nọ́ńbà ìyàwó wà. Kò sí ITIN, kò sí wàhálà.

Ti àwọn ọmọ ló máa ń dun èèyàn jù. Ọmọ tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Òṣogbo, kò ṣeé kà mọ́ àwọn tí ẹ ń gbọ́ bùkátà wọn, bó ti wù kí owó ilé ìwé tí ẹ ń fi ránṣẹ́ pọ̀ tó. Òfin fẹ́ kó máa gbé Amẹ́ríkà. Kánádà àti Mẹ́síkò ni ó yọ̀ǹda fún láfikún. Kò sí fọ́ọ̀mù tó lè yí èyí padà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti wà níbí lórí físà H-4, ti ìdílé òṣìṣẹ́ àlejò, tó ń lọ sílé ìwé, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀: ITIN á jẹ́ kí òbí rí ẹ̀dínwó 500 dọ́là tí òfin fi sílẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Child Tax Credit, ẹ̀dínwó owó orí ọmọ, ńkọ́? Rárá. Ìyẹn ń fẹ́ sóṣà ọmọ fúnra rẹ̀, láti ọdún owó orí 2025 sì ni ó ti ń fẹ́ sóṣà òbí kan ó kéré tán.

Ẹni tó wà ní Èkó tó ra ilé sí Houston tí ayálégbé ń gbé inú rẹ̀ nílò ITIN dájúdájú. Bí kò bá ní in, tí kò sì yàn láti kọ ìwé owó orí lórí èrè ilé náà, ẹni tó ń gba owó ilé fún un lábẹ́ òfin gbọ́dọ̀ yọ ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún owó náà fún ìjọba, láìyọ owó àtúnṣe tàbí èlé báńkì kúrò. Tó bá ní ITIN, á kọ Form 1040-NR, ìwé owó orí àwọn tí kì í gbé Amẹ́ríkà, á yọ ohun tó ná lórí ilé, á sì san owó orí lórí èyí tó kù. Bó bá tún fẹ́ ta ilé náà, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ó tà á ni wọ́n sábà máa ń yọ sílẹ̀ fún IRS lọ́jọ́ títà. Kò lè rí àjẹṣẹ́kù rẹ̀ gbà padà láìní nọ́ńbà.

Àwọn ọ̀dọ́ tó dá ilé iṣẹ́ LLC sílẹ̀ ní Delaware láti orí tábìlì wọn ní Yaba ló pọ̀ jù lóde òní. Nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ ń lò ni EIN, kì í ṣe ITIN. Form SS-4 ni wọ́n máa kọ, ẹni tí kò ní sóṣà tí kò ní ITIN á kọ "Foreign" sílà 7b, á sì fi fáàsì ránṣẹ́ tàbí kó pe 267-941-1099 láti òkè òkun. Ó parí. Àmọ́ ẹ sọ fún wọn nípa Form 5472 kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n lọ. Bí àlejò kan ṣoṣo bá ló ni LLC, tí owó sì ń kọjá láàárín òun àti ilé iṣẹ́ náà, wọ́n gbọ́dọ̀ fi fọ́ọ̀mù yẹn ránṣẹ́ lọ́dọọdún. Owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 25,000 dọ́là, bí kò tiẹ̀ sí owó orí kankan láti san.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà yunifásítì lórí físà F-1 lẹ́tọ̀ọ́ sí sóṣà, kó lọ gbà á. Ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí sóṣà kò gbọdọ̀ béèrè ITIN. Àti pé, bí ẹ bá rí i kà níbì kan pé àdéhùn owó orí láàárín orílẹ̀-èdè méjì lè jẹ́ kéèyàn gba ITIN kí wọ́n sì dín owó tí wọ́n ń yọ kù, òótọ́ ni fún àwọn ará Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì. Nàìjíríà kò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Amẹ́ríkà.

Ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò bá pé, ẹ ní kó kọ́kọ́ rí lọ́yà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí àdéhùn tó jẹ́ kí IRS lè fún àwọn agbófinró ìgbélùú ní àdírẹ́sì àwọn kan, ọ̀rọ̀ náà sì ti di ti kóòtù. Ẹ má fi ẹnu ara yín dá ẹnikẹ́ni lójú lórí ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ọ̀nà tí ìwé máa gbà lọ

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ẹ lè fi ojúlówó páásípọ́ọ̀tù ránṣẹ́ sí Austin pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Ẹ lè mú ẹni náà lọ sí ọ́fíìsì IRS kan tó ń yẹ ìwé ITIN wò (kì í ṣe gbogbo ọ́fíìsì wọn ló ń ṣe é), lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba ọjọ́ lórí 844-545-5640. Wọ́n á wo páásípọ́ọ̀tù lójú yín, wọ́n á sì dá a padà lọ́wọ́ kan náà. Tàbí kí ẹ lọ bá aṣojú tí IRS fún láṣẹ láti yẹ ìwé wò, tí wọ́n ń pè ní Certifying Acceptance Agent. Orúkọ wọn wà lórí ìkànnì IRS, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan.

Èmi ò fẹ́ràn ti àkọ́kọ́ àfi bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ní àwọn máa ń dá ìwé padà láàárín ọgọ́ta ọjọ́. Bí bàbá ẹni bá kú nílé láàárín ọgọ́ta ọjọ́ yẹn ńkọ́? Bí ẹ bá sì gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́, ẹ ra àpò ìfìwéránṣẹ́ kíákíá tí ẹ ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kọ àdírẹ́sì yín sí i, kí ẹ fi sínú rẹ̀, òun ni wọ́n máa fi dá páásípọ́ọ̀tù padà.

Aṣojú gbọ́dọ̀ fọ̀rọ̀ wá ẹni náà lẹ́nu wò, lójúkojú tàbí lórí fídíò. Bó bá jẹ́ lórí fídíò, ojúlówó ìwé náà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ aṣojú. Kò lè wo páásípọ́ọ̀tù lórí WhatsApp. Fún àwọn ọmọ, ìwé tí aṣojú lè fọwọ́ sí kò pọ̀ tó ti àgbàlagbà, torí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Bí ẹ bá ń ṣe èyí fún ọ̀pọ̀ èèyàn nínú ẹgbẹ́ tàbí ìjọ yín, ẹ̀yin náà lè di aṣojú. Form 13551 ni ẹ máa kọ. Ẹ máa ṣe ẹ̀kọ́ IRS, ẹ máa gba ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń dá ayédèrú ìwé mọ̀, wọ́n á sì gba ìka ọwọ́ yín bí ẹ kì í bá ṣe lọ́yà, CPA (oníṣirò owó tó níwèé àṣẹ) tàbí Enrolled Agent (aṣojú owó orí tí IRS fún láṣẹ). Títí di ìgbà yẹn, ẹ lè bá èèyàn kọ fọ́ọ̀mù, ẹ ò lè jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìwé ẹ̀rí

Ọ̀rọ̀ mi rèé. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo ràn lọ́wọ́, n kò fẹ́ kí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ kúrò nílé. Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀, mo gbé e lọ bá nótárì, ó lu òǹtẹ̀ tó dán gbinrin sí i, inú mi sì dùn. Bá a ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn: ohunkóhun tí kóòtù bá ti lu òǹtẹ̀ sí, ó ti di òótọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé pé àwọn ò gbà á. IRS kì í gba ẹ̀dà tí nótárì fọwọ́ sí. Ojúlówó ni wọ́n ń gbà, tàbí ẹ̀dà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ìwé náà gan-an jẹ́rìí sí, bíi Immigration fún páásípọ́ọ̀tù. Ìwé ìbúra kóòtù kò wúlò. Ìwé ìbúra ọjọ́ orí, tí ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n bí sílé ń lò, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí lójú wọn.

Ìwé mẹ́tàlá ni IRS ń gbà, ṣùgbọ́n páásípọ́ọ̀tù nìkan ló lè dá dúró, torí pé ó ń sọ ẹni téèyàn jẹ́ àti ilẹ̀ tó ti wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò bá ní in gbọ́dọ̀ wá ìwé méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan nínú wọn ní fọ́tò. Ẹ má gbára lé bébà NIN: wọ́n ń fẹ́ orúkọ, fọ́tò, àdírẹ́sì, ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ tí ìwé máa parí lórí káàdì ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè, bébà NIN kò sì ní ọjọ́ ìparí. Páásípọ́ọ̀tù tó ti kú kò wúlò, nítorí náà ẹ wo ọjọ́ rẹ̀ kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn.

Ti ọmọ tún ní ìdẹkùn tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni páásípọ́ọ̀tù wọn kò lè dá dúró àfi tí ọjọ́ tó wọ Amẹ́ríkà bá wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣí i, ẹ wá òǹtẹ̀ pápákọ̀ òfurufú. Bí kò bá sí, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà nílò ìwé ilé ìwòsàn láti Amẹ́ríkà. Èyí tó ti dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ nílò ìwé ilé ìwé tó ní orúkọ, àdírẹ́sì àti máàkì rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Form W-7

Ojú ìwé kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ibi tó ti ń gé èèyàn lọ́wọ́ pọ̀.

Lókè, ẹ máa yan ìdí kan láti a dé h. Ìyàwó tàbí ọkọ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí oní green card ni e. Ọmọ wọn ni d. Onílé tó wà ní Èkó tó ń kọ 1040-NR ni b. Ní d àti e, wọ́n á béèrè orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó ń gbọ́ bùkátà náà. Ẹ má fi sílẹ̀ lófìfo.

Orúkọ wá. Nàìjíríà ń fi orúkọ ìdílé ṣáájú, fọ́ọ̀mù yìí fi í sẹ́yìn. Ẹni tó ń jẹ́ Akinwumi Adewale, èwo ni ti ìdílé? Ẹ má béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ wo ibi tí páásípọ́ọ̀tù kọ "Surname" sí. Bó ṣe wà níbẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Orúkọ ìyàwó tó ṣì wà ní ti bàbá rẹ̀ lórí páásípọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ wà bẹ́ẹ̀ lórí W-7 àti lórí ìwé owó orí, bí gbogbo àdúgbò tiẹ̀ ń fi orúkọ ọkọ pè é. Bó bá ti yí orúkọ padà, ti tẹ́lẹ̀ ń lọ sí 1b.

Ọjọ́ ìbí: oṣù ló ń ṣáájú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ ọdún 1988 gbọ́dọ̀ kọ 08/03/1988. Bó bá kọ ọ́ bí a ti ń kọ ọ́ nílé, ó ti sọ ara rẹ̀ di ọmọ oṣù kẹta, kò sì ní bá páásípọ́ọ̀tù mu.

Ìlà 3 ń fẹ́ àdírẹ́sì òkè òkun, kì í ṣe P.O. Box. Ẹni tó bá ti kó wá sí Amẹ́ríkà pátápátá á kọ orúkọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ nìkan síbẹ̀. Ìlà 6b ń béèrè nọ́ńbà owó orí ilẹ̀ ẹni. Ibẹ̀ ni TIN Nàìjíríà lè wọ̀ bí ẹ bá ní in. 6d ni ti páásípọ́ọ̀tù, 6e sì ń béèrè bóyá ẹni náà ti gba ITIN rí. Ẹ béèrè dáadáa. Àwọn kan ti gbà á nígbà tí wọ́n ṣe akẹ́kọ̀ọ́ níbí, wọ́n sì ti gbàgbé. Ẹni náà fúnra rẹ̀ ni kó fọwọ́ sí i. Òbí lè fọwọ́ sí ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: dídì í pọ̀

W-7 kì í dá rin. Ẹ gbọ́dọ̀ so ìwé owó orí mọ́ ọn, àfi bí ẹ bá wà nínú àwọn tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ń ta ilé lábẹ́ òfin tí mo mẹ́nu bà lókè. Níbi tó yẹ kí nọ́ńbà ẹni tó ń béèrè wà lórí ìwé owó orí, ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà. Ìwé yìí kò lè gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Àdírẹ́sì tó wà nínú ìtọ́ni Form 1040 kọ́ ni ẹ máa lò o. Èyí ni:

Internal Revenue Service
ITIN Operation
P.O. Box 149342
Austin, TX 78714-9342

W-7 ló ń wà lókè, lẹ́yìn náà ìwé owó orí, lẹ́yìn náà ìwé ẹ̀rí. Bí ẹni mẹ́ta bá ń béèrè nínú ìdílé kan, W-7 mẹ́ta, ìwé owó orí kan, àpò lẹ́tà kan. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ pa mọ́. Kí ẹ sì fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin tó kọjá, torí pé àwọn ẹ̀dínwó kan wà tí ẹ ò ní rí gbà bí ẹ bá béèrè nọ́ńbà lẹ́yìn gbèdéke. Form 4868 lè fún yín láyè títí di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá, àmọ́ kò fún yín láyè láti má sanwó.

Lẹ́yìn tí ó ti lọ

Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n sábà máa ń lò. Láàárín oṣù kìíní sí ìparí oṣù kẹrin, tàbí bó bá ti òkè òkun wá, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Lẹ́tà CP565 ni ayọ̀, nọ́ńbà wà nínú rẹ̀. CP566 ń béèrè ìwé sí i, ọjọ́ márùndínláàádọ́ta sì ni ẹ ní láti dáhùn. CP567 ni èyí tí mo gbà nígbà yẹn, ìyẹn ni pé wọ́n ti kọ̀ ọ́. Àdírẹ́sì tí ẹ kọ sórí W-7 ni lẹ́tà ń bọ̀ wá, nítorí náà bí ẹni náà bá fẹ́ kó kúrò nílé láàárín ìgbà yẹn, ẹ lo àdírẹ́sì ẹni tí kì í ṣí kiri.

Bí wọn ò bá lo ITIN nínú ìwé owó orí kankan fún ọdún mẹ́ta léraléra, ó ti kú nìyẹn. W-7 kan náà ni ẹ máa fi tún un ṣe, ẹ máa yan àpótí àtúnṣe, ẹ ò sì nílò láti so ìwé owó orí mọ́ ọn.

Ìyàwó tí a gba ITIN fún lónìí lè gba green card lọ́dún méjì sí i, kí sóṣà rẹ̀ sì dé. Lọ́jọ́ náà, kó jáwọ́ nínú ITIN. Ẹ bá a kọ lẹ́tà sí Internal Revenue Service, Austin, TX 73301-0057: orúkọ rẹ̀ ní kíkún, àdírẹ́sì, ITIN, pẹ̀lú ẹ̀dà káàdì sóṣà àti ẹ̀dà CP565 bí ó bá ṣì wà lọ́wọ́, kí ẹ ní kí wọ́n pa àkọsílẹ̀ méjèèjì pọ̀ sábẹ́ nọ́ńbà tuntun. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó orí tí wọ́n ti yọ lórúkọ nọ́ńbà àtijọ́ lè má hàn lábẹ́ ti tuntun.